Ọpọlọ Inú Abẹ́rẹ́

Iṣẹ́ mi ní lábù ni kí n máa pa ègé ọpọlọ láró. Ọ̀rá tó bo fọ́nrán iṣan ọpọlọ, bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná, ló máa ń mu aró náà, tí á sì rí bí aṣọ ẹtù. Bí mo bá fojú sí máíkírósíkóòpù, tí mo rí ibi tí aró kò mú, tí sẹ́ẹ̀lì wínníwínní ṣù bo iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bí èèrà tó ṣù bo ṣúgà, mo mọ̀ pé ọmọ ogun ara ló kọjú ìjà sí onílé. Àwọn tí abẹ́rẹ́ ajá dìgbòlugi sọ di arọ láyé àtijọ́ ni mo sì máa ń rántí.

Ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, ní abẹ́rẹ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Louis Pasteur ṣe ní Paris. Mùdùnmúdùn eegun ẹ̀yìn ehoro tí àrùn dìgbòlugi pa ni wọ́n mú kó gbẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì pò mọ́ omi. Ìgbà 13 ni wọ́n gún un. Ọmọ náà yè, ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn sì yè lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn kọ̀, tí kò gbé wọn mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ náà tán. Ọ̀pọ̀ dókítà ní àrùn dìgbòlugi inú abẹ́rẹ́ ló jí padà.

Dókítà Thomas Rivers, ní New York, béèrè ohun tó yẹ kéèyàn béèrè: bó bá ṣe ẹran ara ehoro inú abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń fà á ńkọ́? Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọpọlọ ehoro tí ara rẹ̀ le, wọ́n sì ń gún un fún ọ̀bọ 8 léraléra. Ní 1933 wọ́n kéde pé ọpọlọ méjì nínú wọn ti wú, ọ̀rá ara fọ́nrán rẹ̀ sì ti bó. Ọpọlọ ehoro jọ ti ọ̀bọ. Ọmọ ogun ara tó kọ́ ìjà lórí àjèjì dé ilé, ó bá ohun tó jọ àjèjì náà, ó sì kọlù ú.

Ní 1960, Philip Paterson mú sẹ́ẹ̀lì láti inú kókó eku tó ti gba abẹ́rẹ́ ọpọlọ, irú kókó tó ń wú sí wa ní abíyá bí egbò bá wà lọ́wọ́. Ó fi í sára eku mìíràn, àìsàn sì bá ìyẹn. Ní 1981, Ben-Nun, Wekerle àti Cohen fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì T, irú ọmọ ogun ara kan, nìkan tó láti fa àìsàn náà. Díẹ̀ nínú wọn á wọ inú ọpọlọ, wọ́n á dá ohun tí wọ́n ń wá mọ̀, wọ́n á figbe ta. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹdọ̀tí á sì rọ́ dé láti bó ọ̀rá náà jẹ.

Ó ń dùn mí pé a ti mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ ọpọlọ àgùntàn tí David Semple ṣe ní Kasauli, ní India, ní 1911, ni wọ́n ṣì ń gún sí ikùn àwọn tálákà níbẹ̀ nígbà tí ọdún 2000 wọlé, torí pé kò wọ́n.