Gbọ̀ngàn Glover àti Eré Oníṣe ní Erékùṣù Èkó

Erékùṣù ni Èkó. Omi ni ó yí i ká, ojú omi ni ọ̀pọ̀ àlejò rẹ̀ sì gbà dé. Kí ẹnikẹ́ni tó fi bíríkì kọ́ ilé eré síbẹ̀ ni àwọn ọmọ Èkó ti ní ibi ìṣeré tiwọn. Ìgboro ni ìtàgé Adámú Òrìṣà, níbi tí Ẹ̀yọ̀ ti ń fi ọ̀pámbàtà dárà; ojúde àti agbo ni ti onílù àti eégún aláré. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ìlẹ̀kùn tí à ń tì. Nítorí náà, kì í ṣe eré ni ọ̀rúndún kọkàndínlógún gbé wọ Èkó. Ilé eré ni. Ibẹ̀ ni ìbéèrè kan ti yọjú: ta ni ó ni ìtàgé?

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, àwọn Sàró tí wọ́n ti kàwé àti àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil dé bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ afẹ́ sílẹ̀. Ní 1866 ni wọ́n ṣí ilé àṣà kan tí wọ́n pè ní The Academy, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì ni alátìlẹ́yìn rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1882, ẹgbẹ́ òṣèré àwọn Àgùdà ṣeré láti fi yẹ́ ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin Victoria sí. Eré wọn gbayì lójú àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n orin òkèèrè àti èdè òkèèrè ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyá alágbo ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ní 1885 ni John Hawley Glover kú, gómìnà àtijọ́ tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì fi kọ́ gbọ̀ngàn láti fi ṣe ìrántí rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn yìí ni àwọn ọlọ́lá ti ń gbọ́ orin, tí àwọn olóṣèlú ti ń pàdé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, ní oṣù Kẹjọ 1903. Ní àkókò kan náà, àwọn ìjọ tí wọ́n yapa kúrò lábẹ́ òyìnbó, irú bí ìjọ African Church tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1901, ń fún orin àti ìlù Yorùbá láyè. Láti inú ìjọ irú wọn ni eré onórin ti jáde.

Ẹni tí ó so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ ni Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà tí a bí ní 1916, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà 1944, ó gbé The Garden of Eden jáde ní Gbọ̀ngàn Glover láti fi wá owó ilé ìjọsìn. Dípò kí àwọn akọrin dúró gbagidi, wọ́n ń jó, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ọdún kejì ni ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta 1946, tí ó gbé Tiger's Empire jáde ní gbọ̀ngàn yìí kan náà, eré ti di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, obìnrin sì ti ń gba owó lórí ìtàgé. Nínú Strike and Hunger, ó fi ìyànṣẹ́lódì 1945 ṣe ìtàn. Ìjọba sì fi òfin dè é ní Jọ́ọ̀sì. Báyìí ni ilé ìrántí gómìnà ṣe di ibi ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ó ń bá ìjọba wí.

Ṣùgbọ́n ilé àyágbé ni gbọ̀ngàn jẹ́ fún òṣèré. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri ń ti ìlú dé ìlú, wọ́n ń ṣeré ní ilé ìwé àti ní àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó rí ilé tirẹ̀, bí Dúró Ládiípọ̀ tí ó sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo ní 1962. Nígbà tí wọ́n fi òfin de Ògúndé ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú, ó hàn gbangba pé ẹni tí kò ní ilé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti lè dá a padà. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé eré ńlá sí Igànmú ní 1976, ó sì gba nǹkan bí 5,000 òǹwòran. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn erékùṣù ni ó wà, agbára ẹgbẹ́ kékeré kò sì ká a.

Erékùṣù kò dákẹ́ síbẹ̀. MUSON ṣí gbọ̀ngàn orin rẹ̀ ní Oníkan ní 1995. Ní 2010, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street di Freedom Park, níbi tí ìlù ti ń dún lónìí ní ààyè tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti ń dún rí.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Èkó, ọmọ ni ó fún ilé ní ìtumọ̀. Orúkọ Glover ni ó wà lára gbọ̀ngàn náà. Síbẹ̀, bí a bá dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ràn eré Yorùbá, Ògúndé ni wọ́n ń rántí. Ẹni tí ó kọ́lé ni ó ni ògiri. Ẹni tí ó fi èdè àwọn ènìyàn bá wọn sọ̀rọ̀ ni ó ni ìtàgé.