Wúrà Kùmásí àti Kókó Átọ́ọ̀mù

Ní Kùmásí, wúrà lẹ́búlẹ́bú ni owó láyé ìjọba Àṣáńtí. Kò sí oníṣòwò gidi tí kò ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, pẹ̀lú àpò ọmọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi idẹ dà ní àwòrán ẹyẹ, ẹja tàbí àga. Èyí tó kéré jù kì í tilẹ̀ ṣe idẹ: èso ojú ológbò ni, pupa tó ní ojú dúdú, tí wọ́n ń pè ní damma. Olùtajà á wọn wúrà, olùrà á sì tún un wọn pẹ̀lú idẹ tirẹ̀. Àríyànjiyàn kì í wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òṣùwọ̀n ẹni méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun kan náà, ọjà tà nìyẹn.

Èrò mi ni pé irú àtúnwọ̀n yìí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ físíìsì lórí kókó inú átọ́ọ̀mù ṣe é gbà gbọ́. Kì í ṣe pé Manchester kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Kùmásí o. Ṣùgbọ́n wúrà náà wà nínú ohun tí Hans Geiger àti Ernest Marsden mú ní Manchester lọ́dún 1909, nítorí a lè lù ú fẹ́lẹ́ ju irin yòókù lọ. Wọ́n ta ọta álífà lu ewé wúrà, wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń fi ojú ka ìtànṣán tó ń ṣẹ́jú lára gíláàsì. Ọ̀pọ̀ ọta kọjá, ìwọ̀nba díẹ̀ ta padà. Lọ́dún 1911, Ernest Rutherford, ọ̀gá wọn, sọ pé kókó kékeré kan ló ń dá a padà, kò sì lè ju nǹkan bí 30 fermi lọ. Pín mílímítà kan sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan: ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni fermi.

Ẹnìkan á ní: ta ló rí i? Kò sẹ́ni tó rí i. Ọta náà kò tilẹ̀ kan kókó wúrà rárá, iná mànàmáná inú kókó ti tì í padà lọ́nà, nítorí náà ààlà ni 30 yẹn, kì í ṣe ìwọ̀n. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà ni Robert Hofstadter fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tún un wọn ní Stanford: kókó wúrà já sí bíi 6.4 fermi láti àárín dé ibi tí kíki rẹ̀ ti dín kù sí ìdajì. Etí rẹ̀ kò sì mú bí etí ọ̀bẹ. Ó ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìkùukùu. Ẹlòmíràn á ní, bí nọ́ńbà bá ń yí, àfojúbù lásán ni gbogbo rẹ̀. Rárá. Lọ́dún 2010, wọ́n fi muon, ìbátan ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wúwo jù ú lọ, wọn pírótọ́ọ̀nù inú kókó, wọ́n rí 0.84 fermi dípò 0.88 tí gbogbo ayé gbà. Wọn kò ní kí oníkálukú máa mú tirẹ̀ lọ. Wọ́n tún un wọn. Ní 2019, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà sọ 0.83.

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ Pelletron kan kalẹ̀, 1.7 mílíọ̀nù fóltì. Ọta álífà tó ta padà ni wọ́n fi ń mọ èròjà inú ohun tínínrín níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é ní 1909.