Ìdáríjì Ìjọba: Ọ̀nà tó ṣí Sílẹ̀ fún Ẹni tí Ilé-ẹjọ́ Ti Dá Lẹ́bi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Bó tilẹ̀ lo ọjọ́ rẹ̀ pé, ìdálẹ́bi náà ṣì wà nínú ìwé ìjọba, ó sì lè yọjú nígbà tó bá ń wáṣẹ́ tàbí tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1974 sọ ọ̀pọ̀ ìdálẹ́bi di ohun àtẹ̀yìnwá lẹ́yìn iye ọdún kan. Nàìjíríà kò ní irú òfin gbogboogbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ìdáláre ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìdáríjì ìjọba ló kù fún un.

Ìwé òfin ọdún 1999 pín agbára ìdáríjì sí méjì. Abala 212 fún gómìnà láṣẹ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tó tako òfin ìpínlẹ̀. Abala 175 fún Ààrẹ láṣẹ lórí èyí tó tako òfin àpapọ̀. Nítorí náà, ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré tí wọ́n dá lẹ́bi olè jíjà lábẹ́ òfin Ìpínlẹ̀ Èkìtì, gómìnà ní Adó-Èkìtì ni yóò kọ̀wé sí. Ẹni tó jẹ̀bi oògùn olóró lábẹ́ òfin àpapọ̀, Àbújá ni ìwé tirẹ̀ ń lọ. Apá gómìnà kò ká a. Gómìnà a máa fi ọ̀rọ̀ lọ ìgbìmọ̀ tó ń gbà á nímọ̀ràn lórí àánú, Ààrẹ a sì fi lọ Council of State.

Oríṣi àánú mẹ́rin ni òfin náà dárúkọ: ìdáríjì, yálà pátápátá tàbí pẹ̀lú àdéhùn, sísún ìjìyà síwájú, fífi ìjìyà tó fúyẹ́ rọ́pò èyí tó le, àti yíyọ gbogbo ìjìyà tàbí apá kan rẹ̀ kúrò. Ó yẹ kí olùbẹ̀bẹ̀ fi ìyàtọ̀ sí wọn. Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ń dín ìyà kù, ṣùgbọ́n ìdálẹ́bi ṣì wà níbẹ̀. Ìdáríjì pátápátá ló ń mú àbùkù kúrò.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Olóyè Olusegun Obasanjo, tí ìgbìmọ̀ ológun dá lẹ́bi ní 1995. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar dárí jì í ní 1998, ó sì di Ààrẹ ní 1999. Ti Herbert Macaulay kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 1913, ó kú ní 1946, oṣù Kẹwàá 2025 ni Ààrẹ Bola Tinubu tó dárí jì í. Ní ti ìpínlẹ̀, Gómìnà Ademola Adeleke ti Ọ̀ṣun lo agbára rẹ̀ fún ẹlẹ́wọ̀n 53 ní oṣù Kejìlá 2024. Ọkùnrin kan tí wọ́n dájọ́ ikú fún nínú ẹjọ́ olè adìẹ wà lára wọn.

Kí ìwé ẹ̀bẹ̀ tó lọ, kí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti parí: Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi èyí lélẹ̀ ní 2005, nínú ẹjọ́ ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún. Ó yẹ kí ìwé náà sọ orúkọ ilé-ẹjọ́, nọ́ńbà ẹjọ́, ọjọ́ ìdájọ́, ẹ̀ṣẹ̀, ìyà tó ti jẹ àti ìwà rẹ̀ láti ìgbà náà. Kí ó so ẹ̀dà ìdájọ́ mọ́ ọn, kí ó sì sọ ní pàtó irú àánú tó ń tọrọ. Ìdáríjì kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ìjọba lè kọ̀. Ẹni tó bá rí i gbà, kí ó gba ìwé rẹ̀, kí ó mú ẹ̀dà lọ fún ọlọ́pàá, kí àkọsílẹ̀ ibẹ̀ lè bá a mu.