Ọkọ̀ Oníná àti Akanda Ẹ̀dá Tó Ń Wakọ̀ ní Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọkọ̀ oníná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, pé ọ̀dọ́ olówó ló wà fún, àti pé àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ń yọ lẹ́nu kò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ìtàn kò gbè wọ́n. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ni ẹni tí kò lágbára púpọ̀ ti ń dá ọkọ̀ oníná wà. Láti ìgbà náà títí di òní, kì í ṣe ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ló sábà ń lé akanda ẹ̀dá kúrò lójú títì. Ohun tó yí ọkọ̀ náà ká ni: òfin tó ń yan ẹni tí yóò rí i gbà, irú èyí tí wọ́n bá fún un, àti ibi tí yóò ti rí agbára tí yóò fi rìn.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń bẹ̀rẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọkọ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ló ń lo bátìrì. Ọkọ̀ elépo ìgbà náà kì í ṣe ohun tí arúgbó ń fọwọ́ kàn. Kí ó tó jí, ẹnìkan ní láti dúró níwájú rẹ̀, kí ó ki irin bọ̀ ọ́ nímú, kí ó sì fi gbogbo agbára èjìká yí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, irin náà lè ṣẹ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ọkọ̀ Detroit Electric, tí wọ́n ṣe láti 1907 títí di 1939, kò ní irin yíyí, kò sì ní jíà tí a ń bá jà. Awakọ̀ á jókòó bí ẹni jókòó ní pálọ̀, á di ọ̀pá kan mú láti fi darí rẹ̀, á sì di òmíràn mú fún eré. Kì í sáré ju nǹkan bí kìlómítà 32 lọ ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ó tó láti ná ọjà kí a sì padà sílé. Clara Ford, ìyàwó Henry Ford tó ń ta ọkọ̀ elépo fún gbogbo ayé, wa èyí tí wọ́n ṣe ní 1914. Lọ́dún 1912 ni Cadillac fi ẹ̀rọ iná tí Charles Kettering ṣe sínú ọkọ̀ elépo láti máa fi jí i. Bí iná mànàmáná ṣe mú ìnira kúrò lára ọkọ̀ elépo nìyẹn, tí ọkọ̀ oníná sì ń pàdánù ohun tí wọ́n fi ń yàn án.

Ní Ìlú Ọba, ogun ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Lẹ́yìn 1918, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ni kò ní ẹsẹ̀ mọ́. Iléeṣẹ́ Harding ní Bath àti èyí tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ Argson ní Egham wá ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, òmíràn ń lo epo, òmíràn ń lo bátìrì. Èyí tó ń lo bátìrì kì í jìnnà, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan tó láti wà á. Lẹ́yìn ogun kejì, Bert Greeves so ẹ́ńjìnnì mọ́ kẹ̀kẹ́ tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀, Derry Preston-Cobb, tí kò lè rìn, ń jókòó sí. Inú èyí ni iléeṣẹ́ Invacar ti jáde ní Essex. Nígbà tí NHS, ètò ìlera ìjọba, sì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ìjọba ń fún ẹni tó bá yẹ ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó yẹ kí a wo kẹ̀kẹ́ náà dáadáa. Model 70, tí wọ́n ń ṣe ní àwọn ọdún 1970, jẹ́ fáíbà aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Táyà kan ló wà níwájú, méjì lẹ́yìn, ìlẹ̀kùn tí à ń wọ́ ṣí wà lápá ọ̀tún àti òsì, ìjókòó kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìjókòó yẹn ni kẹ̀kẹ́ arọ tí a ká ń wà. Òfin kò gbà kó gbé èrò. Ìyá tó ní ọmọ ọwọ́ kò lè gbé ọmọ rẹ̀ sí i, ọkọ kò sì lè gbé aya. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gan-an láti ẹ̀gbẹ́, ó ń gbọ̀n ọ́n. Ibikíbi tó bá sì dúró, àwọ̀ yẹn ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé akanda ẹ̀dá ló wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan lè ní ó ṣì sàn ju kí a jókòó sílé lọ. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ àwọn tó lò ó ló sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n dá jáde. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fún un kò sọ pé ohun náà tọ́. Níbi tí ìjọba ti ń ra ohun tí ẹni tí yóò lò ó kò bá wọn yàn, ohun tó rọrùn fún ìjọba ni ìjọba máa ń rà.

Alf Morris, aṣòfin kan tí ogun kìíní ṣe baba rẹ̀ léṣe gidigidi, ló gbé òfin 1970 nípa àwọn aláìlera dìde. Òfin yẹn ni wọ́n fi dá àmì ìgbọ́kọ̀sí fún akanda ẹ̀dá sílẹ̀ ní 1971. Morris náà ni wọ́n fi ṣe mínísítà àkọ́kọ́ fún àwọn akanda ẹ̀dá ní 1974, ọdún tí ìròyìn tí Lady Sharp kọ fún ìjọba dábàá pé kí wọ́n dáwọ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró. Owó ìrìnnà tí ìjọba ń fún akanda ẹ̀dá bẹ̀rẹ̀ ní 1976: £5 lọ́sẹ̀, tí kò lè ra ọkọ̀. Lọ́dún 1977 ni ètò Motability wá dé, kí ènìyàn lè máa fi owó náà háyà ọkọ̀ bí ti gbogbo ayé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2003 ni wọ́n fòfin de Invacar lójú títì. Ṣùgbọ́n ààlà ọjọ́ orí wà nínú owó ìrìnnà náà, kò sì tíì kúrò. Ẹni tó bá di aláìlera kó tó tó ọjọ́ orí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba lè béèrè owó ìrìnnà. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlù ní ẹni àádọ́rin ọdún kò lè béèrè rẹ̀. Owó ìtọ́jú tí yóò gbà kò ní ti ìrìnnà nínú. Bẹ́ẹ̀ ìjọba kan náà ń tún ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ ṣe fún un ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, bí ó bá lè wakọ̀. Èyí ni mo kà sí àìṣòdodo tó pẹ́ jù nínú ìtàn yìí.

Nísinsìnyí ọkọ̀ oníná ti padà, ó sì bá ara àgbà mu ju ti elépo lọ: kò ní klọ́ọ̀ṣì, kò ní jíà tí à ń yí, kò sì sí pé à ń fa ọ̀pá epo ní fílíńgì. Ibi tí à ń gba iná ni wàhálà ti kù. Wọ́n gbé ọ̀pọ̀ òpó ìgbaná sórí pèpéle tí táyà kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gùn, ojú rẹ̀ ga ju ẹni tó jókòó lọ, wáyà òpó tó ń yára fúnni níná sì wúwo fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Àwọn kan á ní kí onítọ̀hún gba iná nílé. Ẹni tó ní àyè ọkọ̀ tirẹ̀ níwájú ilé ni ìyẹn wúlò fún. Ọ̀pọ̀ àgbà, títí kan àwọn Yorùbá tó ti darúgbó sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, inú fúláàtì ni wọ́n ń gbé, òpó ìta nìkan sì ni wọ́n ní. Àwọn mìíràn á ní owó títún òpó ìta ṣe pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n gbígbé òpó kalẹ̀ láìsí pèpéle láti ìbẹ̀rẹ̀ kò wọ́n tó wíwá wú u tún kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Lórí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ búlúù yẹn pàápàá, ìjọba sanwó ìdásílẹ̀ rẹ̀, ó sì tún sanwó ìfagilé rẹ̀.

Ìlànà wà fún òpó ìgbaná. Lọ́dún 2022 ni wọ́n tẹ PAS 1899 jáde, Motability sì wà lára àwọn tó náwó sí i. Ó ṣàlàyé bí òpó ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, àyè tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, àti bí wáyà kò ṣe gbọ́dọ̀ le jù láti gbé. Àmọ́ ìfẹ́ inú ni wọ́n fi ń tẹ̀lé e. Òfin tó jáde ní 2023 nípa òpó ìgbaná ìta fi dandan lé e pé kí òpó tó ń yá gba káàdì, kí ó máa ṣiṣẹ́ ní ìdá 99 nínú 100 àkókò ní ìpíndọ́gba, kí nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ sì wà ní gbogbo wákàtí. Kò fi dandan lé gíga òpó, kò fi lé pèpéle, kò sì fi lé ìwúwo wáyà.