Àdéhùn Láàárín Àwọn Tó Ń Bá Ara Wọn Ṣẹjọ́

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Síbẹ̀ nínú ìwé ìlànà tí àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ń lò láti ọdún 1938 fún ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, Ìlànà 29 gba olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ láyè láti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe fi ẹ̀rí han ara wọn kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston lè bá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ pàdé. Ó yẹ kó lè gbọ́ ọ lédè rẹ̀, kó sì yé e.

Discovery ni àwọn lọ́yà ibẹ̀ ń pe fífi ẹ̀rí hanra yìí. Ẹni tó bá sáré mú “ìṣàwárí” ti ṣìnà, torí iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń wá ohun tuntun kiri níbí. Ìwé, ímeèlì àti orúkọ ẹlẹ́rìí ni ẹnì kan ń béèrè tí ẹnì kejì ń kó sílẹ̀. “Ìfẹ̀ríhanra” ni mo fara mọ́. Ẹni tí kò ka ìwé òfin rí yóò gbọ́ “ẹ̀rí” àti “hàn” nínú rẹ̀.

Apá kan rẹ̀ ni pé àwọn lọ́yà máa ń fi ìbéèrè wá ẹlẹ́rìí lẹ́nu wò lẹ́yìn tó bá ti búra, tí akọ̀wé ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láìsí adájọ́ níbẹ̀. Mi ò ní pè é ní ìwé ìbúra. Ìwé ìbúra lẹni tó fẹ́ jẹ́rìí sí ọjọ́ orí rẹ̀ ń dá lọ ṣe ní kóòtù, kò sì sí alátakò tó ń bi í ní nǹkan kan. “Ìjẹ́rìí ṣáájú ìgbẹ́jọ́” gùn díẹ̀, àmọ́ kì í tanni jẹ.

Òfin fi ààlà sí nǹkan wọ̀nyí: ìjẹ́rìí 10 fún apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ kan tí kò ju wákàtí 7 lọ, ìbéèrè alákọsílẹ̀ 25, ọjọ́ 30 láti fèsì. Àwọn ààlà yìí ni àdéhùn lè yí. Ká ní ẹjọ́ wà ní Houston, tí ẹlẹ́rìí tó ti dàgbà sì wà ní Atlanta. Àwọn lọ́yà méjèèjì lè fẹnu kò pé kí wọ́n gbọ́ ọ lórí fídíò, ní ọjọ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ohun tó bá sọ yóò sì níyì bí ìjẹ́rìí mìíràn. Mo sọ pé “yí”, mi ò sọ pé “ṣe àtúnṣe”, nítorí ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe, ìlànà náà kò sì bàjẹ́.

Ibi tó ká mi lára jù ni “àdéhùn” fúnra rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá gbọ́ pé lọ́yà òun ti bá alátakò ṣe àdéhùn, ohun tí yóò rò ni pé wọ́n ti parí ìjà, pé owó ń bọ̀ tàbí pé wọ́n ti ta òun. Ẹjọ́ kò tíì parí rárá! Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó dá dúró: “àdéhùn lórí ìlànà” ni kẹ́ ẹ wí, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé ẹjọ́ ṣì ń lọ.

Bí àdéhùn bá kan ọjọ́, ọ̀rọ̀ náà gba ìṣọ́ra. “Sún síwájú” ti di ti adájọ́ tó ń sún ẹjọ́, torí náà “fi ọjọ́ kún” ni kí a lò fún ohun tí àwọn lọ́yà ń ṣe. Bí ọjọ́ tí wọ́n fi kún un bá fẹ́ dí gbèdéke tí ilé ẹjọ́ dá fún píparí ìfẹ̀ríhanra, fún gbígbọ́ ẹ̀bẹ̀ kan tàbí fún ìgbẹ́jọ́ gan-an lọ́wọ́, àjọsọ wọn nìkan kò tó. Àfi kí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá túmọ̀ ìlànà yìí tó fo gbólóhùn yẹn lè jẹ́ kí èèyàn pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀.