Ihò Mẹ́fà, Ọta Márùn-ún

Àwọn tó fẹ́ràn revolver àtijọ́ máa ń sọ pé ti òde òní kò dán tó o. Òótọ́ ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń to inú Colt Python tó jáde ní 1955. Àmọ́ ká bi ẹni tó ń fi ìbọn sí ìbàdí lójoojúmọ́. Colt ti 1873 ní ihò mẹ́fà, ọta márùn-ún ni ọlọgbọ́n ń kì sí i. Ẹnu òòlù rẹ̀ sinmi lé ìdí ọta gan-an. Bó bá já bọ́, ó lè yìn mọ́ ẹni tó gbé e lẹ́sẹ̀.

Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko! Ní 1973, ilé-iṣẹ́ Ruger ní Amẹ́ríkà fi irin pẹlẹbẹ kan sínú tiwọn, tí òòlù kò fi lè ta ọta àfi bí èèyàn bá fà á. Títí di òní, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi irin náà sí àwọn èyí tí wọ́n ti tà ṣáájú.