Ajá kékeré nínú òtútù Ìlú Ọba: Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ fún un kì í ṣe fáàrí

Bí ọmọ Yorùbá kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù lásìkò òtútù, ọ̀kan lára ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín ni ajá tí kò tóbi ju ológbò lọ, tí wọ́n wọ kóòtù fún, tí ẹni tó ni ín sì ń fi okùn mú un rìn lẹ́bàá títì. Lójú ẹni tó mọ̀ pé ìta gbangba ni ajá ń sùn nílé, fáàrí lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá fáàrí, nítorí pé òtútù lè pa ajá kékeré kí ẹni tó ń sìn ín tó fura.

Ooru ara ajá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń wà láàárín ìwọ̀n 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tó fi díẹ̀ ju ti ènìyàn lọ. Bí ara ẹranko bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru ṣe ń yára sá kúrò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ tí a bù sínú ife ṣe máa ń tètè tutù ju èyí tó wà nínú ìkòkò lọ. Ajá Chihuahua, tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Mẹ́síkò, kì í sábà wúwo ju kílò 3 lọ. Yorkshire Terrier, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ sọ di gbajúmọ̀ ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria, ní irun gígùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní irun kíki abẹ́ tó ń dáàbò bo ajá Husky, èyí tó ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín ní Siberia àti Alaska. Yàtọ̀ sí èyí, ẹsẹ̀ ajá kékeré kúrú, inú rẹ̀ sì ń fara kan yìnyín bó bá ti ń rìn.

Ìdí nìyí tí àwọn dókítà ẹranko fi máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé bí òtútù bá ti sún mọ́ ìwọ̀n 0, níbi tí omi ti ń dì, kí wọ́n gé ìrìn ajá kékeré kúrú. Ìrìn ráńpẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta sàn ju ọ̀kan tó gùn lọ, ọ̀sán ló sì dára jù. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Aṣọ ajá náà gbọ́dọ̀ gbẹ, nítorí pé aṣọ tútù burú ju àìwọṣọ lọ.

Ní ti àtẹ́lẹsẹ̀, ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan gbé jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná wá síbẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tútù padà, tí gbígbóná sì ń yá tútù lóoru. Ṣùgbọ́n ètò yìí kò lè ṣe nǹkan kan sí iyọ̀ tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń fọ́n sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yìí máa ń ta ajá lẹ́sẹ̀, bó bá sì lá a, ó lè máa bì. Nítorí náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá wọlé, kí wọ́n sì nù ún gbẹ.

Èyí tó tún léwu jù ni kẹ́míkà ethylene glycol, tí wọ́n ń dà mọ́ omi rẹ́díétọ̀ ọkọ̀ kó má baà dì. Ó máa ń dùn lẹ́nu, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó jò sílẹ̀ lè pa ajá kékeré. Ajá tó bá lá a kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Àwọn àmì wà tó yẹ kí ènìyàn máa ṣọ́: kí ajá máa gbọ̀n, kó máa gbé ẹsẹ̀ sókè, kó máa sunkún tàbí kó kọ̀ láti rìn. Bí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró, tí ajá wá ń tòògbé, tí ara rẹ̀ ń rọ, kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti yá. Òtútù ti wọ̀ ọ́ lára jù nìyẹn. Kí wọ́n gbé e wọlé, kí wọ́n nu ara rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, kí wọ́n sì pe dókítà. Wọn kò gbọ́dọ̀ gbé e lé ohun tó gbóná gan-an, kó má baà jóná.

Lẹ́bàá adágún tó dì, okùn kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́rùn ajá. Àwọn ènìyàn ti kú sínú omi níbi tí wọ́n ti ń sáré tẹ̀lé ajá wọn lórí yìnyín.

Òfin náà kò gbẹ́yìn. Láti ìgbà tí òfin ìtọ́jú ẹranko ti ọdún 2006 ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, dandan ni kí ẹni tó ń sin ẹranko pèsè ibùgbé tó yẹ fún un, kó sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìrora. Ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí ẹni tó bá rú u má ṣe sin ẹranko mọ́.

Ẹni tó wọ kóòtù, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà, tó dé fìlà mọ́ ọn, kò lè fi ara tirẹ̀ wọn òtútù tó ń mú ajá. Ara ajá ni kó máa wò. Bí ajá bá ti kọjú sọ́nà ilé, ilé náà ni kó forí lé.